Àwọn Ìyá Onígàrí Tó Lọ Bá Ọba Faransé

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń dun olùkọ́ tó, ẹ lọ kọ́ àwọn ọmọ Ọ̀wọ̀ ní èdè Faransé. Ọmọ Àkókó ni mí. Iṣẹ́ ìjọba ló gbé mi dé Ọ̀wọ̀, Ọ̀wọ̀ sì ti di ilé. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí mo ti ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ girama wa, ìbéèrè kan náà ni gbogbo ènìyàn ń bi mí: "Mádàámù, Faransé yìí, ta la fẹ́ máa bá sọ ọ́?" Ọlọ́kadà bi mí. Àlùfáà bi mí. Ìyá tó ń ta ẹ̀pà lẹ́nu géètì wa bi mí, ó sì tún dá ara rẹ̀ lóhùn pé, "Bóyá àwọn áńgẹ́lì."

Ní ilé ìwé wa, ẹsẹ̀ ni àwọn ọmọ fi ń yàn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kìíní sáà tuntun, ẹni tó bá fẹ́ kọ́ Faransé á rìn lọ sí yàrá tèmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi máńgòrò, ẹni tó bá fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún fóònù ṣe á gba òdìkejì. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, èwo lẹ máa yàn? Lọ́dún tó kọjá, àwọn tó wá bá mi kò kún bẹ́ǹṣì kan. Ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ ṣìnà ni.

Pirinsípà wa kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó pè mí sí ọ́fíìsì, ó fún mi ní omi tútù, ó sì rọra sọ ọ́ bí ẹni ń tọrọ àforíjì. "Mádàámù, bí sáà tó ń bọ̀ bá tún rí báyìí, a máa yọ Faransé kúrò. Ẹ ó wá máa kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ ìwà ọmọlúàbí." Mo mu omi náà tán kí n má baà sọ ohun tó wà lẹ́nu mi. Èmi, ẹ̀kọ́ ìwà ọmọlúàbí! Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé sùúrù tí mo ní kò tó èmi fúnra mi lò.

Ó dùn mí o, kì í ṣe kékeré. Lẹ́yìn àwọn ọmọ tí mo bí, n kò mọ ohun tí mo fẹ́ràn tó èdè yẹn. Nígbà tí mo wà ní ọmọge, mo lo ọdún kan ní Kùtọnù láti kọ́ ọ, ìyá onílé mi níbẹ̀ sì ní tẹlifíṣọ̀n kan tí kì í sinmi. Fíìmù ìtàn ni ìyá náà máa ń wò, kì í ṣe ti eré orí ìtàgé o, irú èyí tí wọ́n ti ń fi àwòrán àti ohùn ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́: ìtàn àwọn ọba Faransé, ti àwọn tó ń ṣe wáìnì lórí òkè, ti obìnrin olóṣèlú kan tó dìde láàárín ìgbìmọ̀ tó kún fún ọkùnrin, tó sì sọ tẹnu rẹ̀ dópin. Àwa méjèèjì á jókòó, à ń bó ẹ̀pà, à ń wo ayé àwọn ará ibòmíràn. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ Faransé, kì í ṣe inú ìwé.

Mo wá rò ó pé bí àwọn ọmọ mi bá rí irú fíìmù bẹ́ẹ̀, ìfẹ́ á wọ̀ wọ́n lára. Mo yá pùròjẹ́kítọ̀ ìjọ wa, mo fa kọ́tìnnì bo fèrèsé, mo sì fi ọ̀kan hàn wọ́n. Ìtàn àwọn obìnrin ọjà ìlú Párìsì ni. Láyé ọjọ́un, búrẹ́dì wọ́n gógó, ebi ń pa ọmọ wọn, wọ́n sì kó ara wọn jọ, wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn nínú òjò lọ sí ààfin ọba tó wà lẹ́yìn odi ìlú, ibi tó jìnnà. Wọn kò sì padà sílé títí ọba fi gbà láti bá wọn lọ sí Párìsì. Ìtàn tó dùn báyẹn! Nígbà tí mo tan iná, gbogbo kíláàsì ti sùn lọ fọnfọn.

Ọmọbìnrin kan péré ni ojú rẹ̀ là. Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀ ló ti ń wá, ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ àgbà ló ń gbé. Mo bi í bóyá ó gbádùn rẹ̀. Ó ní, "Mádàámù, ẹ má bínú o. Ariwo tí wọ́n ń pa yẹn ò dà bí ti ẹni tí ebi ń pa. Tó bá jẹ́ ìyá àgbà mi àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni, ọba á ti gbọ́ kí wọ́n tó kúrò nílé."

Mo ti la ẹnu láti bá a wí kí n tó rí i pé ọmọ yìí ti fún mi ní iṣẹ́ ṣe. Mo máa ṣe fíìmù ìtàn tèmi. Àwọn ìyá Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀ ló máa ṣe obìnrin Párìsì, èmi ni màá máa ròyìn, a ó sì fi hàn ní gbọ̀ngàn ilé ìwé kí sáà tó parí.

Ní ọjọ́ Sátidé, mo gun ọ̀kadà lọ síbi tí wọ́n ti ń yan gàrí. Èéfín bo gbogbo abẹ́ àtíbàbà, ojú mi ń ṣomi, àwọn ìyá jókòó ti agbada wọn, wọ́n ń ro ó, wọ́n ń bú ara wọn fún ìdùnnú. Ìyá àgbà ọmọ náà ni olórí wọn. Gbogbo ènìyàn ń pè é ní Màmá, èmi náà sì ń pè é bẹ́ẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo jókòó lórí àpótí, mo sì sọ ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìbéèrè wọn kò jẹ́ kí n mí. Ta ló ń bá wọn gbé ọmọ tí wọ́n fi sílẹ̀? Ṣé wọ́n jẹun kí wọ́n tó kúrò nílé? Òjò yẹn, kí ni wọ́n fi borí? Àwọn ọkọ wọn ńkọ́? Mo ní ìwé tí mo kà kò sọ púpọ̀ nípa ìyẹn. Màmá ní, "Ọkùnrin ló kọ ọ́." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ẹnìkan fi gbàgbé agbada rẹ̀ tí gàrí fi jóná.

Mo sọ ìdí tí mo fi wá fún wọn, n kò fi bò. Mo ní bí àwọn ọmọ kò bá yan Faransé ní sáà tó ń bọ̀, iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn bọ́ nìyẹn. Màmá wò mí. Ó ní, "Ọma mi, uṣẹ́ kì í bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá rí ènìyàn bá a dì í mú." Ló bá kọjú sí àwọn yòókù. Bí wọ́n bá kọjú sí mi, Yorùbá ilé ìwé ni, pẹ̀lú Ọ̀wọ̀ díẹ̀ nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá kọjú síra wọn, Ọ̀wọ̀ pọ́ńbélé ni, èmi ọmọ Àkókó á wá máa ranjú mọ́ wọn bí àwọn ọmọ kíláàsì mi ṣe ń ranjú mọ́ mi. Ohun tí mo ṣáà rí ni pé wọ́n gbà.

Wọ́n ní àwọn náà fẹ́ sọ Faransé. Mo kọ́ gbogbo wọn ní "Du pain!", ìyẹn ni pé búrẹ́dì làwọn ń fẹ́. Màmá ni mo fún ní ọ̀rọ̀ tó gùn, èyí tó máa sọ fún ọba: "Sire, nos enfants ont faim." Kábíyèsí, ebi ń pa àwọn ọmọ wa. Ó ń wí i tẹ̀lé mi bó ṣe ń ro gàrí. Bí ó bá ṣì í, á fi igbá ọwọ́ rẹ̀ lu etí agbada, á sì tún bẹ̀rẹ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti ń sọ ọ́ dáadáa ju àwọn tí mo ń máàkì ìdánwò wọn lọ.

Onífídíò tí mo pè, òun ló ń ya ìgbéyàwó àti ìsìnkú ní Ọ̀wọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ìwà iṣẹ́ rẹ̀ ti wọ̀ ọ́ lẹ́wù. Lọ́jọ́ tí a ya fíìmù náà, bí àwọn ìyá ṣe gbéra ní ojú ọ̀nà, ó bẹ̀rẹ̀ sí kígbe, "Ẹ wo kámẹ́rà! Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ìyá, ẹ juwọ́!" Gbogbo obìnrin Párìsì bá ń juwọ́. Mo sáré jáde. "Ebi ń pa wọ́n! Ta ní ń rẹ́rìn-ín sí ebi?" Ó ní, "Mádàámù, ẹ̀yin ni ẹni àkọ́kọ́ tó máa ní kí n má jẹ́ kí ojú oníbàárà òun dán."

Olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ wa, ọmọ Ìyẹrè, ló ṣe ọba. Ó sanra dáadáa, ó sì mọ bí wọ́n ti ń jókòó. Kọ́tìnnì ìyàwó rẹ̀ la dà bò ó. Adé tí ọ̀kan nínú àwọn Amòye máa ń dé nínú eré Kérésìmesì ní ìjọ Áńgílíkà la fi dé e lórí. Àwọn ìyá tó jẹ́ Kátólíìkì sì ń sọ pé ti ìjọ tàwọn ì bá bá a mu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Àkúrẹ́ ló yọ̀ǹda iwájú ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì rẹ̀ fún wa. Ibẹ̀ la gbé àga ọba sí.

Ẹ wá wo ìrìn! Wọ́n gbé asẹ́ lọ́wọ́, wọ́n mú ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń bó ẹ̀gẹ́, wọ́n so ìró le, erùpẹ̀ ń sọ lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. "Du pain! Du pain!" Ẹnìkan láàárín wọn tiẹ̀ ń ké "Du gàrí!", mo sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Orí mi wú. Ọmọ yẹn kò purọ́, ariwo náà lè jí ọba tó ti wàjà.

Wọ́n wá dé iwájú ọba. Ariwo pa rọ́rọ́. Gbogbo wọn sọ asẹ́ sílẹ̀, wọ́n kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀, wọ́n ní, "Kábíyèsí o!"

Mo ní ó tó, ẹ jẹ́ ká tún un ṣe. Mo ṣàlàyé pé inú ló ń bí wọn, pé wọn kò wá kí ọba. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Wọ́n padà sẹ́yìn, wọ́n rìn, wọ́n ké bí àrá, wọ́n dé iwájú ọba, wọ́n kúnlẹ̀. A tún un ṣe. Wọ́n kúnlẹ̀. Mo ní kí ọba kọ ẹ̀yìn sí wọn, bóyá bí wọn kò bá rí ojú rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n kúnlẹ̀ kí.

Oòrùn ti mú, òógùn ti sọ mí di ẹni tí n kò mọ̀. Mo jágbe mọ́ àgbà, kí Ọlọ́run foríjì mí: "Ẹ̀yin ìyá, ọba burúkú ni!" Màmá dáhùn pé, "Ọba burúkú, ọba náà ni." Ẹlòmíràn ní, "Ṣé a ò mọ̀ pé tíṣà àgbẹ̀ ni? Adé là ń kí." Mo ju ìwé ọwọ́ mi sílẹ̀, mo lọ jókòó sábẹ́ igi. Lójú mi, fíìmù ti bàjẹ́, Faransé ti lọ, ẹ̀kọ́ ìwà ọmọlúàbí ti dé.

Màmá wá bá mi níbẹ̀. Kò bẹ̀ mí, kò sì bá mi wí. Ó ní, "Ṣé o rò pé ẹ̀rù ló ń mú wa kúnlẹ̀? Ọmọdé ló ń nàró jà. Bí obìnrin tó tó bí ìyá rẹ lọ́mọ bá kúnlẹ̀ síwájú rẹ, tó wò ọ́ lójú, tí kò sì dìde, kí lo máa ṣe?" Mo ronú sí i, mo sì rí i pé n kò ní lè jókòó. Ó ní, "Ẹ̀n-ẹ́n. Jẹ́ kí n lọ bá ọba yẹn bí a ti ń bá ọba." Mo ní ó dáa, nítorí n kò ní ọgbọ́n mìíràn mọ́.

Wọ́n rìn. Wọ́n dé. Gbogbo wọn kúnlẹ̀, àyàfi Màmá tó ń bọ̀ níwájú pẹ̀lú ẹsẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, títí ó fi dé ọ̀dọ̀ àga. Ó kó ìró rẹ̀ jọ, ó fi eékún méjèèjì lélẹ̀ nínú erùpẹ̀, ó gbé orí sókè, ó sì wo tíṣà lójú. "Sire, nos enfants ont faim." Ó sọ ọ́ kedere, kò yára. Kò sì dìde.

Ohun tí a ti bá ọba sọ ni pé kí ó mirí bí agbéraga. Kò mirí. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wò mí bí ẹni tí kẹ̀kẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Màmá kò kúrò níbẹ̀. Àyà ọba kò gbà á mọ́, ó fò kúrò lórí àga, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja pẹ̀lú kọ́tìnnì, "Màmá, ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́, mi ò tó bẹ́ẹ̀!" Adé yí gbirigbiri lọ bá àwọn adìyẹ.

Ẹ̀rín tí a rín níbẹ̀, n kò tíì rín irú rẹ̀ láti ìgbà náà. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tí mo fi ń lọ sí ilé ìwé. Onífídíò ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kámẹ́rà rẹ̀ kò mì, nítorí ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń ya ìgbà tí gbogbo ènìyàn ń sunkún.

Nígbà tí mo délé ni ẹ̀rí ọkàn bẹ̀rẹ̀ sí gún mi. Fíìmù ìtàn gidi ni mo ní mò ń ṣe, ọba Faransé kò sì dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Mo gbé ìwé ìtàn mi jáde, mo tún ibẹ̀ kà dáadáa. Ó wà níbẹ̀, mo ti ń fò ó kọjá láti ọjọ́ yìí: wọ́n jẹ́ kí díẹ̀ nínú àwọn obìnrin náà wọlé tọ ọba lọ, ọmọge tó yẹ kó sọ̀rọ̀ fún wọn sì dákú níwájú rẹ̀, ọba sì ṣaájò rẹ̀. Àwọn náà pariwo bọ̀ lójú ọ̀nà, ara wọn sì yí padà nígbà tí wọ́n rí adé! Mo pariwo nínú ilé, èmi nìkan. Mo wá fi ohùn mi sọ ọ́ nínú fíìmù pé ọba tiwọn ṣaájò ọmọge tó dákú, tíṣà tiwa ló dọ̀bálẹ̀ fún àgbà, kí ẹni tó ń wò ó mọ èyí tó jẹ́ ti Faransé àti èyí tó jẹ́ ti Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀.

Ní ṣọ́ọ̀bù onífídíò, a jà díẹ̀, torí ó fẹ́ kí òdòdó máa ya jáde lára ọba bí ó ṣe máa ń ṣe fún ọkọ ìyàwó. Gbogbo ibi tí Faransé wà ni mo fi Yorùbá lé. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ibi ọ̀rọ̀ Màmá, bí mo bá ti fi ohùn mi lé e, ńṣe ló ń dà bí ìgbà tí mò ń já lu ọ̀rọ̀ àgbà. Mo yọ ohùn mi kúrò, mo fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ bí ó ti sọ ọ́.

Mo mú un lọ fi han àwọn ìyá lórí fóònù mi. Nígbà tí a dé ibẹ̀, Màmá bi mí pé, "Àwọn ọmọ ò ní mọ ohun tí mo sọ níbí?" Mo ní wọn ò ní mọ̀. Ó wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, Ọ̀wọ̀ pọ́ńbélé bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rín sì bẹ̀rẹ̀. Mo bi wọ́n pé kí ló dé. Wọ́n ní kí n máa lọ sílé.

Lọ́jọ́ tí a fi hàn, gbọ̀ngàn kún dẹ́nu ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó sùn. "Ìyá mi nìyẹn!" "Ẹ wo àǹtí mi!" Nígbà tí ọba dọ̀bálẹ̀, pirinsípà yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ń nu omijé ẹ̀rín. Bí fíìmù ti parí, àwọn ọmọ ṣù bo Màmá: kí lẹ sọ fún ọba tó fi bọ́ sílẹ̀? Màmá tún gèlè rẹ̀ ṣe. "Ẹ lọ kọ́ ọ." Wọ́n sáré lọ bá ìyá kejì. "Ẹ lọ kọ́ ọ." Ẹnu kan náà ni gbogbo wọn fi ń sọ̀rọ̀, mo wá mọ ohun tí wọ́n jọ pinnu lẹ́yìn mi. Ní gbogbo ìsinmi, wọn kò tú àṣírí náà. Mo gbọ́ pé ọmọ kan gbé fóònù sẹ́nu ìyá rẹ̀ kí fóònù lè túmọ̀ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ pa ẹnu dé, ó ń fi imú rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ kìíní sáà tuntun dé. Mo tètè lọ gbá yàrá mi, mo nu bọ́ọ̀dù, mo jókòó. Mo sọ fún ara mi pé n kò ní wo fèrèsé, mo sì ń wò ó. Mo kọ́kọ́ rí àwọn kan tí wọ́n gba òdìkejì lọ síbi fóònù, ara mi tutù. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ẹsẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò, ẹsẹ̀ púpọ̀, wọ́n ń sáré, wọ́n ń ti ara wọn. Bẹ́ǹṣì kún. Wọ́n jókòó sórí tábìlì, wọ́n jókòó sí ojú fèrèsé. Ọmọbìnrin Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀ wà níwájú pátápátá. Kò tiẹ̀ kí mi tán tó fi ní, "Mádàámù, ìyá àgbà mi ò sọ ọ́ fún èmi gan-an o!"

Mo kọ ọ̀rọ̀ náà sí bọ́ọ̀dù, omi sì wá sójú mi díẹ̀, ẹ má dá mi lóhùn. Wọ́n kà á tẹ̀lé mi títí òrùlé fi ń dún. Mo ní ìtumọ̀ rẹ̀ á wáyé bí a bá ti mọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan níbẹ̀, wọ́n sì bú mi bí ọmọ ṣe ń bú olùkọ́ tó fẹ́ràn, ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Pirinsípà ti wà lẹ́nu ọ̀nà, n kò mọ ìgbà tó dé. Ó wo àwọn ọmọ orí tábìlì, ó wo àwọn tojú fèrèsé. Ó ní, "Ẹ̀kọ́ ìwà ọmọlúàbí á wá ẹlòmíràn, mádàámù." Mo ní ẹ ṣé gan-an, sà. Ṣùgbọ́n kò lọ. Ó dúró níbẹ̀, ó ń fọwọ́ pa fìlà rẹ̀, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, kí ni màmá yẹn sọ fún ọba gan-an?"

Mo na ṣọ́ọ̀kì mi sí ibi bẹ́ǹṣì. "Ọ̀gá, ẹ wọlé, ẹ jókòó." Ó bojú wẹ̀yìn bóyá ẹnìkan ń wo òun láti ọ́fíìsì. Ọmọbìnrin náà sì sún fún un.